Àmì Abẹ́ Tíréè Olóyè Sàníù

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí Olóyè Sàníù bó ṣe fẹ́ kí ayé máa kí òun, kó má baà bínú sí ìtàn yìí kó tó bẹ̀rẹ̀. Olóyè Àgbà Sàníù Àyànníyì, Alága Ìgbìmọ̀ Ohun Àtayébáyé ti ìlú Òkè-Àgbọn, Ojú-tí-ń-Rí-Abẹ́-Àwo, Ọ̀rẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá fo ọ̀kan nínú rẹ̀, yóò ní kí ẹ padà sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tún wọlé. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá fo ọ̀kan lọ́jọ́ kan tó ń gbé oúnjẹ fún un, ọbẹ̀ ti tutù kó tó kà á pé.

Òkè-Àgbọn kì í ṣe ìlú ńlá. Bí ẹ bá ti Egbeda ń bọ̀, tí ẹ kọjá Erunmu, tí ọ̀dà tán lójú títì, tí ọlọ́kadà sì ń sọ pé kí ẹ di òun mú dáadáa, ẹ ti ń dé ibẹ̀ nìyẹn. Mọ́ṣáláṣí méjì ló wà níbẹ̀, ilé ìwé kan, ojúbọ Ọ̀ṣun kan lẹ́bàá odò, àti ilé gàrí kan lábẹ́ igi òsè, níbi tí nǹkan bí ogún obìnrin ti ń yan gàrí láti ayé àwọn ìyá wọn. Irú ìlú báyìí kò nílò Ìgbìmọ̀ Ohun Àtayébáyé, àmọ́ Olóyè nílò ipò alága, ni wọ́n bá dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ yí i ká. Ẹni mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Olóyè. Ìkejì ni Roheem, akọ̀wé, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa sọ pé “bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà” lọ. Ìkẹta ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, àmọ́ wọn ò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, nítorí kì í ta ko Olóyè nípàdé.

Lẹ́yìn ikú ìyá Olóyè ni ọ̀rọ̀ tíréè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń kó ẹrù kúrò ní àjà ilé, Olóyè jókòó sísàlẹ̀, ó ń pàṣẹ, ni wọ́n bá gbé tíréè kan sọ̀kalẹ̀ tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Akínyẹlé, fi eérú fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Ìyàwó rẹ̀ ló fọ̀ ọ́ o. Ẹ bá mi rántí ìyẹn, nítorí Olóyè fúnra rẹ̀ kò fọ abọ́ rí láyé. Ìgbà tó dán tán ni Olóyè tó dojú rẹ̀ dé, ó sì rí àmì márùn-ún lábẹ́ rẹ̀. Mẹ́rin jẹ́ lẹ́tà òyìnbó kéékèèké, E, P, N, S, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ilé tirẹ̀ tó rí bí èékánná ọmọdé. Ìkarùn-ún tóbi jù wọ́n lọ: ẹsẹ̀ ẹyẹ oníka mẹ́ta, tí orí ìka kan nínú rẹ̀ gé.

Olóyè mú fóònù rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kàwé nípa fàdákà àtijọ́ àwọn òyìnbó. Ó kà pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, alágbẹ̀dẹ fàdákà a máa tẹ àmì tirẹ̀ sí ohun tó bá rọ. Pé wọn a tún tẹ àmì ìlú sí i, àti ti ọdún, àti kìnnìún kan tó ń rìn, èyí tó ń jẹ́rìí pé fàdákà náà kò lábùlà. Ó kà pé àwọn mìíràn máa ń tẹ àmì ẹ̀tàn tó jọ ti gidi láti fi tan olùrà jẹ. Ó kà pé bí òǹtẹ̀ alágbẹ̀dẹ bá ní àbùkù, àbùkù náà yóò hàn lára gbogbo ohun tó bá tẹ̀, àti pé àbùkù yẹn gan-an ni àwọn tó mọṣẹ́ fi ń dá ọwọ́ ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó kà. Ẹni tó kà á ló ti mọ ìdáhùn kó tó béèrè ìbéèrè. Ní ọjọ́ kẹrin ó ra awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń há sójú, ó há a sí ojú ọ̀tún, kò sì yọ ọ́ mọ́ àfi tó bá fẹ́ sùn tàbí tó bá fẹ́ kírun.

Ó gbé tíréè náà lọ sí ààfin Baálẹ̀ Dàda, ó fi àrán wé e. Gbogbo ìlú pé jọ.

“Baálẹ̀, kí ẹ̀mí yín gùn! Ẹ̀yin èèyàn Òkè-Àgbọn, tí orí yín sunwọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi bá mi láyé! Àmì dà bí ilà ojú. Ẹni tó bá rí àbàjà lójú ọmọ kò ní béèrè ilé bàbá rẹ̀ mọ́. Tíréè yìí kọlà! E tí ẹ ń wò yìí, Ọmọba Ẹ́dúwọ́ọ̀dù ni. P, Ọmọba Pítà. N, Ọmọba Nẹ́lísìn. S...” Ó gbé awò rẹ̀ gún régé. “S náà, Sàníù ni. Wọ́n ti ń rí mi bọ̀ láti òkèèrè.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà,” ni Roheem wí.

“Ẹsẹ̀ ẹyẹ yìí ńkọ́? Ẹsẹ̀ idì ni! Òǹtẹ̀ alágbẹ̀dẹ tí kì í rọ nǹkan fún ẹnikẹ́ni àfi ọba. Ọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló fi tíréè yìí ta bàbá bàbá mi lọ́rẹ!”

Gbogbo ìlú mọ̀ pé bàbá bàbá rẹ̀ kò kọjá Ìwó Road rí, ọjọ́ tó sì dé ibẹ̀ gan-an, ó sọnù ni. Wọ́n ṣáà pàtẹ́wọ́, torí oòrùn mú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gùn sí i. Olóyè wá sọ ohun tó bá wá gan-an. Ó fẹ́ kọ́ ilé fún tíréè náà, Ilé Àwo Ọba, kí àwọn òyìnbó lè máa wá wò ó. Ilẹ̀ tó bá a mu ni abẹ́ igi òsè. Kí àwọn obìnrin kó agbada gàrí wọn kúrò níbẹ̀, nítorí èéfín kò dára fún fàdákà.

Àgbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni Baálẹ̀ Dàda, ebi sì ti ń pa á. Ó ní, “Sàníù, pe ẹni tó mọ̀ nípa fàdákà láti Ìbàdàn. Bó bá jẹ́rìí níwájú wa pé fàdákà ọba ni, a ó fún ọ nílẹ̀ náà. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, má ṣe dárúkọ ilé gàrí mọ́.”

Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí, ọmọ Èṣùgbàyí alágbẹ̀dẹ, ni olórí àwọn tó ń yan gàrí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Abẹ́ igi òsè yẹn ló ti tọ́ ọmọ mẹ́rin, èéfín ibẹ̀ ló sì sọ ojú rẹ̀ di pupa. Bí wọ́n bá lé wọn níbẹ̀, kò sí ibi tí ogún obìnrin yóò kó agbada lọ: omi máa ń ya wọ etí odò, àwọn ará mọ́ṣáláṣí kò sì fẹ́ èéfín nítòsí wọn. Ọ̀rọ̀ náà bà á nínú jẹ́ débi pé kò lè jẹun. Ó gba ilé Olóyè lọ.

“Sàníù, ọmọ mi, jẹ́ kí n fojú kan abẹ́ tíréè yẹn.”

“Ìyá, ẹ ò pe orúkọ mi pé.”

“Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́, kò gùn tó báyìí. Jẹ́ kí n rí i.”

“Obìnrin kì í fọwọ́ kan ohun ọba, Ìyá. Ẹ wo ọwọ́ yín ná, epo ni látòkè délẹ̀! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ẹlẹ́rìí Ìbàdàn dé. Ẹ máa wá ibòmíràn yan gàrí yín.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Olóyè ṣòfin. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá rí awò tuntun há sójú gbọ́dọ̀ rí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Ó ní kí Roheem kà á sétí gbogbo ìlú: “Ẹnikẹ́ni tí a bá bá ohun àtijọ́ nílé rẹ̀, tí àmì abẹ́ rẹ̀ sì fi hàn pé ti ẹlòmíràn ni, yóò gbé e lórí lójú gbogbo ìlú, dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, ipò yòówù kó wà. Àmì kì í parọ́.” Òun fúnra rẹ̀ ló fi “ipò yòówù kó wà” sí i, nítorí ó dùn létí.

Kàmọ́rù ọlọ́kadà ni òfin náà kọ́kọ́ bá. Wọ́n bá ṣíbí kékeré kan nílé rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ń ro ẹ̀kọ fún àwọn ọmọ. Ìdákọ̀ró kan àti orúkọ ilé ìsinmi àwọn òyìnbó kan lójú ọ̀nà Ifẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Olóyè wò ó fún wákàtí kan, ó mí kanlẹ̀, ó dájọ́. Wọ́n ká òṣùká ńlá sórí Kàmọ́rù, wọ́n sì gbé ṣíbí kan ṣoṣo lé e. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ojú ọ̀nà Ifẹ̀ nínú oòrùn, ọrùn rẹ̀ le gbagidi kí ẹrù rẹ̀ má baà já bọ́. Ìgbà tó dé ibẹ̀, ilé ìsinmi ti di ilé epo látọdún gbọọrọ. Ọmọbìnrin tó ń ta epo ní, “Lítà mélòó, bọ̀dá?” Kàmọ́rù ní, “Ṣíbí ni mo gbé wá.” Ọmọbìnrin náà wo òṣùká, ó wo ṣíbí, ó bá a gbà á tàánútàánú. Òun ni wọ́n fi ń po tíì níbẹ̀ títí dòní. Kàmọ́rù padà wálé, ó fi òṣùká náà kọ́ ara ògiri, kò sì gbé Olóyè lórí ọ̀kadà rẹ̀ mọ́.

Bí Olóyè bá dúró níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìtàn yìí má parí bó ṣe parí. Àmọ́ ìgbà wo ni ìgbéraga mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró? Nígbà tí ọjọ́ tí ẹlẹ́rìí Ìbàdàn máa dé ku ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kí wọ́n ya àmì ẹsẹ̀ ẹyẹ náà sára bánà kan tó tóbi tó ògiri, kí wọ́n ya ojú òun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tòun ti awò. Ibi tó ní kí wọ́n ta á sí ni iwájú ilé gàrí gan-an, kí àwọn obìnrin lè mọ̀ pé onílẹ̀ tuntun ti dé.

Mùsílímátù, ẹni tó kéré jù nínú àwọn tó ń yan gàrí, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́, ló kọ́kọ́ gbójú sókè. Ó ju igbá tó fi ń ro gàrí sílẹ̀.

“Ìyá, ṣé Olóyè ti ń bá yín polówó ọjà ni? Ẹsẹ̀ adìẹ abẹ́ abọ́ yín kọ́ nìyẹn?”

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, pàápàá ẹ̀yin ọkùnrin. Ní àwọn abúlé wa, kò sí ilé tó ní abọ́ tó tó ṣe ìkómọ. Yíyá ni wọ́n ń yá a láti ojúlé dé ojúlé. Kí ti oníkálukú má baà sọnù, olúkúlùkù a fi àmì sábẹ́ tirẹ̀: ẹnì kan a kun ọ̀dà pupa, ẹnì kan a fi ìṣó họ orúkọ sí i, ẹnì kan a lu ihò mẹ́ta sí etí rẹ̀. Bí ìnáwó bá parí, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, abẹ́ ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó dá a padà. Obìnrin tó bá ti fọ abọ́ ìnáwó mẹ́ta mọ abẹ́ abọ́ ìlú ju bó ṣe mọ ojú àna rẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ojú àwo tó kún ni wọ́n mọ̀.

Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí dúró níwájú bánà náà. Òǹtẹ̀ bàbá rẹ̀ nìyẹn, tòun ti ìka tó gé lọ́jọ́ tó bọ́ lulẹ̀ lórí òkúta. Òyìnbó kan tó ń ra kòkó ló fún bàbá rẹ̀ ní tíréè kan àti abọ́ kékeré kan, nígbà tó bá a tún irin ọkọ̀ rẹ̀ rọ. Èṣùgbàyí tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ méjèèjì. Ọmọ ọdún méjìlá ni Ọ̀ṣunwùnmí nígbà tí wọ́n gbé tíréè náà lé e lórí, pẹ̀lú obì àti oyin, kó gbé e lọ sílé Àyànníyì, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọmọ tuntun lórúkọ. Sàníù ni ọmọ náà. Tíréè náà kò padà wálé mọ́. Ìgbà tí ìyá rẹ̀, ìyàwó Èṣùgbàyí, lọ béèrè, wọ́n ní àwọn ti dá a padà. Àwọn ará Ilé Alágbẹ̀dẹ, ìdílé ọkọ rẹ̀, wá ń wí pé òun ló tà á, ó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sílé bàbá rẹ̀. Ó jiyàn títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Orúkọ yẹn ló gbé wọ sàréè.

Omijé ń dà lójú Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí, àwọn mìíràn rò pé èéfín ni. Mùsílímátù ti ń wé gèlè rẹ̀ mọ́dìí.

“Ẹ jẹ́ ká lọ bá a nílé rẹ̀ nísinsìnyí!”

“Rárá,” ni Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí wí, ó nu ojú rẹ̀. “Ìlú ló gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ìyá mi. Ẹ jẹ́ kó bá mi kó ìlú jọ.”

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n ta kánópì sí pápá ilé ìwé. Olóyè wọ aṣọ funfun, awò ń kọ mọ̀nà lójú rẹ̀. Arábìnrin Zubaidah, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ohun àtijọ́ ní ìgboro Ìbàdàn, ni Olóyè fi ìwé pè. Ojú ìwé méjì ni lẹ́tà náà, ojú ìwé kan ààbọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ orúkọ oyè. Olóyè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó sọ bí fàdákà ṣe ń pe èèyàn rẹ̀. Ó sọ pé lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ rí àmì náà, ẹ̀dá gbogbo dákẹ́, àní adìẹ. Ó wá gbé tíréè fún Zubaidah, ó ní, “Ẹ sọ fún wọn, ẹ má bẹ̀rù ògo.”

Zubaidah fi ìbọ̀wọ́ funfun gbà á. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Ẹ má bínú, Olóyè, sà. Fàdákà Gẹ̀ẹ́sì gidi máa ń ní kìnnìún tó ń rìn. Mi ò rí kìnnìún kankan níbí. Lẹ́tà mẹ́rin yìí ń sọ pé irin funfun lásán ni, tí wọ́n fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Wọ́n dọ́gbọ́n kó wọn sínú ilé kéékèèké báyìí kí ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé àmì fàdákà ni. Irú wọn pọ̀ lóko òyìnbó.”

Ariwo sọ. Olóyè gbọ́wọ́ sókè. “Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀! Ẹsẹ̀ idì ńkọ́?”

“Ìyẹn kò wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ẹ wò ó, ó dá fàdákà òkè lu, irin ìsàlẹ̀ yọjú. Lẹ́yìn tí tíréè ti kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é lẹnì kan tó fi òòlù lù ú. Alágbẹ̀dẹ gidi lẹni náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mi ò kàn mọ ẹni tó jẹ́ ni.”

“Èmi mọ̀ ọ́n,” ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn.

Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí rìn jáde láàárín èrò. Ó gbé abọ́ kékeré kan lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi ń bu epo sí gàrí láti ọdún pípẹ́, àti òǹtẹ̀ irin kan nínú àkísà. Mùsílímátù tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀bà nínú abọ́. Zubaidah nu epo kúrò lábẹ́ abọ́ kékeré náà: ẹsẹ̀ ẹyẹ oníka mẹ́ta, ìka kan gé. Ó ní kí wọ́n bu òkèlè kan fún òun. Ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀bà náà lójú gbogbo wọn, ó sì gbé e sókè: ẹsẹ̀ ẹyẹ oníka mẹ́ta, ìka kan gé.

“Ọwọ́ kan náà ni,” ni Zubaidah wí. “Àbùkù kan náà. Kò sí iyèméjì níbẹ̀.”

Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí sọ ti ìkómọ Sàníù àti ti tíréè tí kò padà wálé. Kò gbé ohùn sókè, síbẹ̀ ẹni tó jìnnà jù gbọ́ ọ.

Olóyè fọwọ́ tún awò rẹ̀ ṣe. “Bóyá... bóyá alágbẹ̀dẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì ló wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá yín.”

“Bẹ́ẹ̀ gan...” ni Roheem bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú Baálẹ̀, ó sọ ọ́ di ikọ́.

Ibẹ̀ ni Kàmọ́rù ọlọ́kadà ti dìde. Òṣùká wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni òfin wí?”

“Roheem, kà á,” ni Baálẹ̀ wí.

Roheem kà á títí dé “ipò yòówù kó wà. Àmì kì í parọ́.” Baálẹ̀ Dàda mi orí.

“Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Sàníù, ṣí fìlà.”

Olóyè ṣí fìlà. Bó ṣe tẹrí ba ni awò bọ́ kúrò lójú rẹ̀. Kàmọ́rù bá a ṣà á, ó fi sí i lápò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì gbé òṣùká lé e lórí. Láti pápá ilé ìwé dé abẹ́ igi òsè kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Olóyè fi wákàtí kan rìn ín, torí gbogbo ojúlé ló ń dúró kí i, Sàníù nìkan ni wọ́n sì ń pè é. Nígbà tó dé iwájú bánà tí ojú òun fúnra rẹ̀ ti ń wò ó, ó kúnlẹ̀, ó gbé tíréè fún onítíréè.

Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí kò bú u. Ó yíjú sí àwọn àgbà Ilé Alágbẹ̀dẹ, ó dojú tíréè dé kí wọ́n lè rí abẹ́ rẹ̀ dáadáa.

“Ẹ wò ó o. Ìyá mi ò tà á.”

Àgbà tó dàgbà jù nínú wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ju Ọ̀ṣunwùnmí lọ lọ́jọ́ orí.

Wọ́n tú Ìgbìmọ̀ Ohun Àtayébáyé ká. Nínú àwọn mẹ́ta tó wà níbẹ̀, ẹni tó ti kú nìkan ni kò pàdánù nǹkan kan. Roheem ti wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ báyìí, ó ń sọ pé “bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà” fún Mùsílímátù láràárọ̀. Àwọn obìnrin já bánà náà sílẹ̀, wọ́n sì ń sá ẹ̀gẹ́ lé e lórí.

Ní oṣù keje lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ Olóyè obìnrin bí ọkùnrin. Ọjọ́ ìkómọ kù dẹ̀dẹ̀, abọ́ ilé wọn kò tó. Ìyàwó Olóyè rọra wá sábẹ́ igi òsè, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí kó gbogbo abọ́ tó ní jáde fún un, ó sì gbé tíréè náà lé wọn lórí.

“Máa kó o lọ, ìyàwó. Kí Ọlọ́run dá ọmọ sí. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: tíréè yìí, Sàníù ni kó bá mi fọ̀ ọ́.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìkómọ náà, àwọn obìnrin sún fún Olóyè ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fún un ní àpótí ìjókòó. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó béèrè èwo ni kànìnkànìn, wọ́n fi hàn án. Ó fọ ojú tíréè náà mọ́, ó fẹ́ gbé e kalẹ̀.

“Olóyè, ẹ dojú ẹ̀ dé,” ni Mùsílímátù wí. “Abẹ́ rẹ̀ ńkọ́?”

Ó dojú rẹ̀ dé. Ó fọ abẹ́ rẹ̀, ó fi ìka tọ ẹsẹ̀ ẹyẹ náà títí dé ibi tó gé. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí, ó ti gbé e padà sílé onítíréè.